Àdúà, Òògùn àti Ẹ̀rí: Ọ̀rọ̀ Lórí Àìsàn Tí Ń Báni Gbé

KÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Gbogbo ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ara, tí Ó mọ ohun tí ń pa á lára, tí Ó sì mọ ohun tí ń wò ó sàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ìgbẹ̀yìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ẹ̀yin àti ẹ̀mí ara wa níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun ní kọ̀rọ̀ àti ní gbangba. Lára ìpáyà Ọlọ́hun ni pé kí ènìyàn má ṣe sọ ohun tí kò mọ̀, kí ó má sì gba ohun tí kò ní ẹ̀rí gbọ́, pàápàá jùlọ níbi tí ẹ̀mí ọmọ Ádámà bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kò sí agboolé kan nínú wa tí kò ní ẹni tí àìsàn ń bá gbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà, àtọ̀gbẹ wà, wárápá wà, ikọ́ fée wà, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì wà. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ibà tí a ó lo òògùn sí fún ọjọ́ mẹ́ta tí yóò sì lọ. Ẹni tí wọ́n bá mú lè lo òògùn títí ayé rẹ̀. Èyí a máa sú aláìsàn, a máa sú ẹbí rẹ̀, a sì máa jẹ owó. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá mú ìlérí ìwòsàn pátápátá wá, yóò rí etí gbọ́ ọ. Àwọn kan yóò wí pé jínnì ni. Àwọn kan yóò wí pé aráyé ni. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò àti lórí fóònù, yóò wí pé ìrònú ni, pé ọkàn ni ó ń ṣàìsàn. Ọ̀nà wọn kò jọra, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ibi kan náà ni wọ́n ń parí ọ̀rọ̀ sí: kí aláìsàn pa òògùn dókítà tì.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí Mùsùlùmí wo irú ìlérí bẹ́ẹ̀? Ohun tí a fẹ́ fi yé ara wa lónìí ni pé àdúà jẹ́ ìjọsìn, òògùn sì jẹ́ okùnfà tí Ọlọ́hun fi sílẹ̀. Wọn kì í bá ara wọn jà. Ẹni tí ó bá ní kí a fi ọ̀kan pa èkejì, ẹ̀rí ni kí a bi í. Ẹni tí ó bá sì béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ oníwòsàn kò ṣe iyèméjì nípa Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ ènìyàn bí tirẹ̀ ni ó ń yẹ̀ wò.

Ohun tí a rí kọ́ lọ́dọ̀ Ànábì

Usamah ọmọ Sharik gba ọ̀rọ̀ wá pé àwọn ará oko kan bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè bóyá kí àwọn máa wá ìwòsàn. Ó ní kí wọ́n wá a, ó sì fi yé wọn pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun dá láìdá òògùn rẹ̀, bí kò ṣe ogbó. Nígbà tí ara Ubayy ọmọ Ka'b kò yá, Ànábì fúnra rẹ̀ ni ó rán oníṣègùn sí i, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé Muslim. Ta ni àdúà rẹ̀ tún gbà ju ti Ànábì lọ? Síbẹ̀, ó wá oníṣègùn fún Sàhábé rẹ̀.

Bákan náà ni ti rúkíyà. Awf ọmọ Malik sọ pé àwọn ní àwọn ọ̀rọ̀ kan tí àwọn máa ń pè sí aláìsàn kí Ìsìláàmù tó dé. Ànábì kò kàn fi ọwọ́ sí i, kò sì kàn lé e dànù. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ọ̀rọ̀ náà wá kí òun yẹ̀ wọ́n wò; èyí tí kò bá ti ní ẹbọ nínú kò burú. Ẹ wòye sí èyí: àyẹ̀wò ni ó kọ́kọ́ wá, kí ìyọ̀ǹda tó tẹ̀lé e. Bí Ànábì bá yẹ ohun tí àwọn Sàhábé rẹ̀ ń kà sí aláìsàn wò, kí ni yóò mú kí a tìjú láti yẹ ti ẹnikẹ́ni wò lónìí?

Hádíìsì mìíràn tún wà lọ́dọ̀ Abu Dawud, pé ẹni tí ó bá sọ ara rẹ̀ di oníṣègùn nígbà tí a kò mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ ìṣègùn, ọrùn rẹ̀ ni gbèsè ohun tí ó bá bàjẹ́ wà. Kò sí níbẹ̀ pé a yọ ẹni tí ó ní èrò rere sílẹ̀.

Orúkọ àrùn kan àti ọgbọ́n inú rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a mú àrùn kan tí gbogbo wa mọ̀. Àwọn àgbà wa pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé ẹni tí ó ní i a máa dà bí ẹni tí yóò kú lónìí, a sì dìde lọ́la. Orúkọ yìí ti sọ ìwà àrùn náà fún wa tán: ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Kí ayẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dé, àwọn baba wa rí i pé nínú ilé kan, ọmọ a máa kú tẹ̀lé ọmọ. Wọ́n pè wọ́n ní àbíkú. Wọ́n sọ wọ́n ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. Wọ́n sì ń kọ wọ́n lára kí wọ́n má baà padà wá mọ́. A kò bú wọn, ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n fi òye wọn túmọ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n pè ní àbíkú ni ó ní àrùn yìí. Ibà àti èéyi pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1910, dókítà kan ní ìlú Chicago, James Herrick, kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan tí ó rí i pé àwọn hóró ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé, dípò kí wọ́n rí roboto. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ́n gan-an ni ìyàtọ̀ náà wà. Láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Bí ọkọ bá jẹ́ AS, tí ìyàwó náà sì jẹ́ AS, ní oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Kì í ṣe ìyá ọkọ ni ó fà á, kì í ṣe orogún, kì í sì í ṣe jínnì.

Hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé a máa dí àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́. Níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ti kọjá, ìrora yóò dé, nínú egungun, nínú oríkèé, nínú àyà. Òtútù, òùngbẹ, àárẹ̀ àti ibà a máa ta á jí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìrora náà a máa gba ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà a sì rọlẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ìrora bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àjé. Ní ọjọ́rú, nígbà tí ó le jù, wọ́n gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan tí ó fún un ní hàǹtú mu, tí ó sì kéwú sí i létí. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrora rọlẹ̀. Gbogbo ilé yọ̀, wọ́n ní àrùn ti lọ. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó tún dé. Ṣé hàǹtú ni ó mú un rọlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, tàbí ìwà àrùn náà ni? Orúkọ tí àwọn àgbà sọ ọ́ ti dá wa lóhùn. Ewu rẹ̀ ni pé ní àárín oṣù méjì náà, wọ́n ti da òògùn tí ń dènà ibà nù, wọn kò sì lọ rí dókítà mọ́. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni ibà kan ṣoṣo lè gba ẹ̀mí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ìtàn ìwòsàn fi ń tan ni jẹ

Àkọ́kọ́ ni èyí tí a ti sọ: ọ̀pọ̀ àìsàn tí ń báni gbé ni ó ń le tí ó sì ń rọ̀ fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ó bá le jù ni ènìyàn ń sáré kiri; lẹ́yìn líle sì ni rírọ̀ ń wá. Ẹni tí a bá bá lẹ́nu iṣẹ́ ní àsìkò náà ni yóò gba ọpẹ́.

Èkejì ni pé òkú kì í jẹ́rìí. Ẹni tí ara rẹ̀ yá yóò mú àgbò padà wá dúpẹ́, gbogbo àdúgbò yóò sì gbọ́. Ẹni tí ó kú, wọn yóò sin ín, wọn yóò ní àkókò rẹ̀ ni ó tó. Bí a bá ń ka kìkì àwọn tí ó padà wá, kò sí oníwòsàn tí kò ní dà bí ẹni tí ó mọṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ń lo òògùn dókítà pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n gbà níbòmíràn. Nígbà tí ara bá yá, a ó gbàgbé òògùn ojoojúmọ́, èyí tí a gbà nínú òkùnkùn ni a ó máa yìn.

Ẹ̀kẹrin ni pé ara yíyá nìkan kọ́ ni ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń wà ní 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbàkúùgbà tí a bá wọ̀n ọ́n, ó lè máa rìn, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì máa ṣòwò, títí di ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ yóò dá a dùbúlẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní ara òun ti fúyẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ka nǹkan sí òun lórí, a ó bi í pé: kí ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wí?

Àwọn Mùsùlùmí ìṣáájú mọ àrékérekè yìí. Ar-Razi, oníṣègùn ńlá tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Rayy àti ní Baghdad ní ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún kan lọ, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà kan tí òun fẹ́ mọ bóyá gbígba ẹ̀jẹ̀ lára ń dá àrùn orí kan dúró, òun gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn kan, òun sì mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn kan sílẹ̀ láìgbà, kí òun lè fi wọ́n wé ara wọn. Ọ̀nà ìwọ̀n tí wọ́n ń gbà lónìí ti gbòòrò ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ náà ni ó yẹ kí a máa béèrè: àwọn tí a kò ṣe é fún ńkọ́, kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí wọn?

Àwọn tí ń wí pé ọkàn ni

Òtítọ́ wà nínú apá kan ọ̀rọ̀ àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn. Kùránì sọ fún wa nípa Ànábì Yaqub, pé ìbànújẹ́ lórí ọmọ rẹ̀ Yusuf kó bá ojú rẹ̀. Ọkàn a máa ran ara. Ẹni tí àìsàn ti ń bá gbé tipẹ́ sì súnmọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ju ẹni tí ara rẹ̀ le lọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rí ẹni tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà tí ó jókòó tì í, tí ó gbọ́ ọ, tí ó sì tọ́ ọ sọ́nà, ìrora lè rọrùn fún un láti gbà mọ́ra, oorun lè wá, ó sì lè ní agbára láti máa lo òògùn rẹ̀. Ìwòsàn gidi ni èyí fún ìrẹ̀wẹ̀sì náà, a kò sì gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìrònú rere kì í na hóró ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀. Irú àtọ̀gbẹ kan wà tí ó sábà máa ń mú ọmọdé, tí ara kò lè pèsè ìnsúlíìnì mọ́. Kí ó tó di oṣù kìíní ọdún 1922, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá kan ní abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì ní ìlú Toronto, ikú ni irú àtọ̀gbẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ọmọ, láàárín àkókò díẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn òbí ayé àtijọ́ kò gbàdúà, kì í sì í ṣe pé wọn kò fẹ́ràn ọmọ wọn. Lónìí, bí ẹnìkan bá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí ó máa fi ọkàn tán an, láàárín ọjọ́ mélòó kan ọmọ náà lè kú.

Ohun kan wà tí ó so ẹni tí ń lé jínnì pọ̀ mọ́ ẹni tí ń wí pé ọkàn ni. Nígbà tí ìlérí wọn bá kùnà, aláìsàn ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Ọ̀kan yóò ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Èkejì yóò ní kò dárí ji ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́. Ìlérí tí a ti ṣètò kí ó má lè jẹ̀bi láéláé, ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún un.

Ẹ fi wé ohun tí ó wà nínú ìwé Bukhari àti Muslim. Obìnrin dúdú kan tí gìrì máa ń gbé ṣánlẹ̀ wá bá Ànábì pé kí ó bá òun tọrọ ìwòsàn. Ànábì fi méjì síwájú rẹ̀: bí ó bá fẹ́, kí ó ṣe sùúrù, kí ó sì rí ọgbà ìdẹ̀ra, bí ó bá fẹ́, òun yóò tọrọ ìwòsàn fún un. Ó yan sùúrù, ó sì tọrọ kìkì pé kí ara òun má máa ṣí sílẹ̀ nígbà tí ó bá gbé òun. Ànábì ṣe àdúà náà fún un. Kò bá a wí. Kò nà án lẹ́gba. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà wa yìí, àwọn kan ń ti ẹsẹ̀ oníwárápá bọ iná, wọ́n ń sá fún itọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ń ràn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ràn. Òògùn sì ti wà nísinsìnyí tí ó fi jẹ́ pé bí a bá lò ó dáadáa, tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún oníwárápá lè bọ́ lọ́wọ́ gìrì.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́hun fún ẹ̀yin àti fún àwa. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

KÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì Rẹ̀ tí Ó ṣà lẹ́ṣà.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, a kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ jẹ́ aláìmọ̀kan. Àwọn kan kúrò níbẹ̀ nítorí pé owó òògùn ga, wọ́n jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹni tí ó sì dá wọn lóhùn kò wo ojú wọn. Àáfà tí wọ́n lọ bá fún wọn lájòókòó, ó bi wọ́n ní orúkọ ìyá wọn, ó gbọ́ wọn. Ìgbọ́ni yẹn dára, àánú ni. Ohun tí ó yẹ ni pé kí àwa tí a wà ní mọ́sálásí máa gbọ́ aláìsàn bẹ́ẹ̀, láì gba òògùn lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, a gba ara wa níyànjú sí nǹkan márùn-ún.

Àkọ́kọ́: ẹnikẹ́ni má ṣe fi òògùn sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, bí kò ṣe dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀. Bí òògùn bá ń yọ yín lẹ́nu tàbí owó rẹ̀ kò sí, ẹ padà lọ sọ fún un. Òmíràn lè wà. Ẹ máa ka Fátíhà sí ara yín, ẹ máa tọrọ ní òru, kí ẹ sì máa lo òògùn ní àsìkò.

Èkejì: ẹni tí ó bá ṣèlérí ìwòsàn, ẹ bi í. Báwo ni ẹ ṣe mọ ohun tí ń ṣe mí? Ayẹ̀wò wo ni yóò fi hàn pé ó ti lọ, lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe tiyín? Bí kò bá lọ, kí ni ẹ ó wí? Ṣé mo lè máa lo òògùn mi lọ? Ẹni tí ó bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí ti dá yín lóhùn. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ẹ̀kẹta: kí a tó so yìgì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa ṣe ayẹ̀wò irú ẹ̀jẹ̀ wọn, kí wọ́n sì ṣe é kí ìfẹ́ tó wọra. Ìsìtìkárà kì í rọ́pò ayẹ̀wò. Ẹni tí ó bá wí fún AS méjì pé òun ti wò ó lójú àlá, pé àwọn ọmọ wọn yóò dára, kò ní í sí níbẹ̀ ní òru tí ọmọ bá ń ké.

Ẹ̀kẹrin: ẹ jẹ́ kí sàráà wa dé ọ̀dọ̀ aláìsàn ní ọ̀nà tí yóò ràn án lọ́wọ́. Owó òògùn oṣù kan fún ẹni tí kò ní i, sàráà ni. Kí a gbé ọmọ aládùúgbò dé ilé ìwòsàn ní òru, sàráà ni. Fún àwọn ọmọ tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, omi mímu púpọ̀, àpò ẹ̀fọn, òògùn tí ń dènà ibà àti òògùn tí a ń pè ní hydroxyurea, bí dókítà bá fún wọn, ti mú kí ọ̀pọ̀ dàgbà, kí wọ́n kàwé, kí wọ́n sì di òbí. Ìwòsàn pátápátá kò tíì wọ́pọ̀: pípààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun ti wo àwọn kan sàn, ní ọdún 2023 ni Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà sì fi ọwọ́ sí ìtọ́jú tí ń tún àbùdá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe. Owó wọn ga, ṣùgbọ́n òògùn tí Ọlọ́hun dá ni wọ́n ń wá rí díẹ̀díẹ̀ yẹn.

Ìkarùn-ún: ẹ̀yin àáfà wa, ẹ̀yin tí a ń gbé ọmọ wá bá. Ẹnu yín tó gbọ́ fún àwọn ènìyàn. Bí ẹ bá ti ṣe àdúà tán, ẹ fi gbólóhùn kan kún un: "Ẹ má fi òògùn yín sílẹ̀ o." Ẹni tí ó bá sọ pé òun kò mọ ohun tí òun kò mọ̀, ó bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀, ó sì bọ́ lọ́wọ́ gbèsè tí hádíìsì náà kìlọ̀ fún wa.

Ìwọ Ọlọ́hun Ọba, wo àwọn aláìsàn wa sàn, èyí tí a mọ̀ àti èyí tí ó ń jẹ̀rora ní kọ̀rọ̀. Fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ yóò pẹ́ ní sùúrù Ànábì Ayyub, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u mọ́ ìrora rẹ̀. La ọwọ́ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wa, kí o sì rọ ọkàn wọn. Dáàbò bo àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ ìlérí èké. Fi ìmọ̀ òdodo ràn wá lọ́wọ́, kí o sì gba àdúà wa. Àmín.

Ẹ gbé ìrun dúró.